Òróró Tí A Fi Ń Pa Pátákó Ìrẹ́lá

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bínú sí. Pátákó ni mò ń bínú sí. Pátákó pẹlẹbẹ lásán, tí ìyàwó ilé ń gbé sílẹ̀ tí ó fi ń rẹ́ ilá, tí ó fi ń gé àlùbọ́sà àti ẹran. Mo ti ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù, títí ó fi hù tán tí ó sì funfun. Mo ti ṣe ibùsùn, mo ti ṣe ilẹ̀kùn, mo ti gun òrùlé ilé alájà, mo sì sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Kò sí èyí tó fún mi ní ẹ̀fọ́rí bíi pátákó ìrẹ́lá nínú gbogbo wọn.

Ẹnikẹ́ni ló lè gé pákó kí ó sì fá a kó dán. Òróró tí a ó fi pa á ni wàhálà. Pátákó tí kò bá rí òróró, omi á wọ inú rẹ̀, á ká, á là, àlùbọ́sà tí a gé lánàá á sì máa rùn nínú ọbẹ̀ òní. Èyí tí a bá wá fi òróró tí kò yẹ pa, ẹ máa gbọ́ ohun tó fojú rí.

Ọwọ́ Bùsáyọ̀, ọmọ mi obìnrin, ni ṣọ́ọ̀bù wà báyìí, nítorí eegun mi kò gba òòlù mọ́. Orí fóònù ló ti ń ta pátákó fún àwọn tí kò rí rí, á wá kó o lọ sí gáréèjì kí wọ́n bá a fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti àwọn ibi tí èmi ò mọ orúkọ wọn. Ní àìpẹ́ yìí, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá pátákó padà. Ọ̀kan ní ó ń rùn. Ọ̀kan ní ó ń lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Ọ̀kan ní pásítọ̀ òun ní kí òun bèèrè irú òróró tó wà lára ẹ̀ kí òun tó lò ó. Lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, Bùsáyọ̀ gbé àga, ó jókòó síwájú mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ òróró kan ṣoṣo fún mi. Èyí tí mo lè máa fi pa gbogbo ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní í dá a padà."

"Kò sí irú ẹ̀."

"Bàbá, ẹ ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi, ẹ wá ní kò sí irú ẹ̀?"

"Kò sí irú ẹ̀ ni mo wí. Ṣé kí n parọ́ fún ẹ ni?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Tí kò bá sí, màá dá pátákó ṣíṣe dúró. Àga àti ilẹ̀kùn tó mi í ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Àga àti ilẹ̀kùn, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é. Pátákó nìkan ni iṣẹ́ tó wá láti ọwọ́ ọ̀gá mi bọ́ sí ọwọ́ mi tí ó sì kan ọmọ mi, òun ló sì ń sọ pé òun fẹ́ pa tì yìí. Mo bá ní kó jókòó dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rò fún un náà ni mò ń rò fún yín.

Ọmọ Ìbẹ̀fun ni mí. Bàbá mi ló mú mi wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó fà mí lé Ọ̀gá Múfú lọ́wọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ tán, wọ́n mu omi, bàbá mi sì padà sílé. Iṣẹ́ tí ọ̀gá kọ́kọ́ gbé fún mi ni kí n lọ já ewé eépín wá. Ewé yẹn le kanrinkanrin, òun la fi ń ha igi kí sáńpépà tó pọ̀ nílùú. Mo já a, mo sá a, mo fi ha pátákó títí awọ ìka mi fi bó. Mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Ọ̀gá gbé pátákó náà sókè, ó di ojú, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ra á bí ẹni ń ra ọmọ tuntun lára.

"Ó ṣì ń gún mi," ó wí. "Padà."

Mo padà. Mo tún gbé e wá, ó tún ní ó ń gún òun. Ó dé ibì kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀gá mi ló ní àrùn. Ẹnì kan tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ sá lọ sílé wọn torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, kò sì padà mọ́. Èmi náà ì bá sá lọ, àmọ́ mo mọ bàbá mi. Bí mo bá sá dé Ìbẹ̀fun ní àárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti mú mi padà.

Nígbà tó yá, ó jẹ́ kí n dé ìdí àwọn ìgò òróró. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni ọ̀gá mi. Ulé ló ń pe ilé, ugi ló ń pe igi, títí ó fi kú kò yí i padà fún ẹnikẹ́ni. Kí ó tó jẹ́ kí a ṣí ìgò kankan, ìbéèrè kan ló máa ń bi oníbàárà. "Ulé ta ni?" Ilé ta ni pátákó yìí ń lọ? Bí oníbàárà bá ní kí ni ìyẹn kàn án, ọ̀gá á gbé pátákó náà padà sórí pẹpẹ, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó ní ìdí. Ọba òróró ni ọ̀gá mi ka àdín sí, àdín dúdú tí wọ́n yan ẹkùrọ́ rẹ̀ kó jinná dénú. Kì í tètè bàjẹ́, kòkòrò kì í sún mọ́ igi tó bá wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó máa ń jẹ́ kí igi apá, igi líle tí a fi ń ṣe pátákó, dúdú minimini kí ó sì máa dán. Àmọ́ gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé èèwọ̀ Èṣù ni àdín. Ilé tí wọ́n bá ti ń bọ Èṣù, àdín kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá, ká má tíì sọ pé ó dé ilé ìdáná. Ní abúlé àyíká wa nígbà náà, irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó sì ṣì wà di òní. Fún irú wọn, òróró àgbọn ni ọ̀gá máa ń lò. Ìgbà mìíràn ó máa ń yọ́ ìda oyin mọ́ ọn. Kò jẹ́ fi òróró ẹ̀pà pa pátákó, torí pé bó bá pẹ́ díẹ̀ á máa rùn, aáyán á sì sọ ọ́ di ilé. Epo pupa ló kórìíra jù. Ó ní ọbẹ̀ ni Ọlọ́run dá epo fún, ẹni tó bá fi pa igi ti ba igi jẹ́. Ìka tó tọ́ símú la fi ń ro imú, ọ̀gá mi a máa wí bẹ́ẹ̀ títí etí wa á fi kún.

Ẹ rántí ìbéèrè rẹ̀ yẹn o. Ulé ta ni?

Ọ̀gá Múfú ní ọmọbìnrin kan tó fẹ́ràn bí ojú, Sàlámọ̀tù. Nígbà tí Sàlámọ̀tù fẹ́ lọ sílé ọkọ, ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọ̀gá ní òun fúnra òun ni òun máa ṣe pátákó tó máa wà nínú ẹrù ìyàwó. Ó ní ìtì igi apá kan tó ti gbé sí ẹ̀yìnkùlé láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní kékeré, kò jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án. Ó là á sí pákó méjì. Ó mú ọ̀kan, ó fi pléènì fá a, ó fi eépín ha á, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra á títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó bá ní kí n gbé àdín wá.

Ohun tó kọ́ mi ni mo ṣe. Mo ní, "Ọ̀gá, ulé ta ni?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú baba rẹ̀. "Ulé àna mi ni! Àna tí èmi àti ẹ̀ jọ ń kírun ní gbogbo Jímọ̀! Mùsùlùmí bíi tèmi! Kí ni mo tún fẹ́ bi í?" Ó gbá mi létí. Mo gbé àdín wá.

Ẹ ò rí nǹkan. Ọkùnrin tó ń lé oníbàárà padà nítorí ìbéèrè kan, ó kọ̀ láti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà. Mo ti gbà pé ìgbójú ló fà á. Bùsáyọ̀ ní ìfẹ́ ni. Mo ní bó bá jẹ́ ìfẹ́, kí ló dé tí etí tèmi fi ń ho?

Pátákó náà dára o, mi ò ní í purọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, orí ẹrù ni wọ́n gbé e sí, tí gbogbo èèyàn ń fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá mi ń rìn káàkiri láàárín èrò, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín.

Ara ìyàwó kò tíì balẹ̀ nílé ọkọ nígbà tí a rí Sàlámọ̀tù tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́lẹ́kájà lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó fi aṣọ ìborùn rẹ̀ di pátákó náà, ojú rẹ̀ wú. Ọ̀gá mi sọ ayùn sílẹ̀.

"Sàlá, kí ló dé?"

"Bàbá, ìyá ọkọ mi ní kí n gbé e padà fún yín." Ó gbé e sílẹ̀ lórí pẹpẹ. "Wọ́n ní ọjọ́ tí pátákó yìí bá tún wọ ilé ìdáná àwọn, ọjọ́ náà ni kí èmi náà jáde níbẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ bi yín bóyá ẹ̀ ń wá ọ̀nà láti ba ilé àwọn jẹ́ ni."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mùsùlùmí ni bàbá Wàsíù, ọkọ rẹ̀, lóòótọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Wàsíù, ọmọ ilé ìbọ Èṣù ni. Bàbá rẹ̀ ló fi Èṣù lé e lọ́wọ́ kó tó kú, ẹ̀yìnkùlé ọkọ rẹ̀ ló gbé e sí, ọkọ kò sì dí i lọ́wọ́. Ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń se oúnjẹ gbogbo ilé, inú rẹ̀ ni Ìyá ti ń bu èyí tó ń gbé síwájú Èṣù. Sàlámọ̀tù gé ẹran lórí pátákó tuntun, ó se ọbẹ̀, Ìyá sì bu tirẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tó padà wá sí ilé ìdáná ni òórùn àdín bá a nímú. Kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Àdín náà, kò sí bí a ṣe lè fi pa igi kó má rùn àdín. Ìyá da ọbẹ̀ nù, ó fọ́ ìkòkò mọ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyàwó tuntun tí kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí, gbogbo ilé ti ń pè é ní ẹni tó wá da Èṣù láàmú.

Ọ̀gá mi fi pẹpẹ sílẹ̀. Ó jókòó sórí ìtì igi, ó ń wo pátákó náà. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Tirẹ̀ tún bà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ rẹ̀ ló bà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì ń bí mi, torí pé etí mi kò tíì gbàgbé.

Ọjọ́ kejì, a gbéra lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọ̀gá mi, Sàlámọ̀tù àti èmi. Mo gbé pléènì, ayùn, àpò ewé eépín, àti pákó kejì, ìkejì èyí tó bàjẹ́, tí àdín kò kàn rí. Ọ̀gá fi ìgò òróró àgbọn sínú àpò rẹ̀. Nígbà tí a dé ojúde wọn, Bàbá Wàsíù jókòó ní igun kan, ó ń ka tẹ̀sùbáà, kò gbé ojú sókè. Ìyá Wàsíù jáde sí wa, ìyá kúkurú kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bàbá ìyàwó kì í dọ̀bálẹ̀ fún àna, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dìde, Bàbá Sàlá, ẹ má jẹ́ n rí irú èyí," ni Ìyá wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yín kọ́. Tiyín ni."

"Ìyá, mi ò mọ̀ ni. Ṣebí èmi àti Bàbá Wàsíù jọ ń kírun..."

"Bàbá Wàsíù ló ń se ọbẹ̀ ni?"

Bàbá Wàsíù túbọ̀ tẹ orí mọ́ tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ọ̀gá mi wá fẹ́ fi ẹ̀sìn là á yé e. Ó ní nílé àwọn, àwọn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Ṣàìtáànì, ìdí nìyẹn tí kò fi wá sí òun lọ́kàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ o!" Ohùn Ìyá le. "Èṣù tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ kì í ṣe Ṣàìtáànì tí ẹ̀ ń lọ sọ lókò ní Mẹ́kà. Mi ò bá yín dá sí ẹ̀sìn yín, ẹ má dá sí tèmi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìyàwó mi máa lè dáná nínú ilé yìí tàbí kò ní lè dáná."

Sàlámọ̀tù dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, kò wọlé, kò sì jáde. Ọ̀gá mi pa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tì. Ó tẹ́ àpò sílẹ̀ lójúde, ó ní kí n di pákó mú. A gé e, a fá a, a ha á. Èrò pé jọ ń wò wá. Nígbà tó parí, ó di ojú, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra á níwájú gbogbo wọn, ó wá ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìgò jáde.

"Òróró àgbọn ni, Ìyá. Àdín kò sí nínú rẹ̀ rárá, mo fi Ọlọ́run búra."

Ìyá Wàsíù gba pátákó náà lọ́wọ́ rẹ̀, pátákó ṣì wà ní ìhòhò. "Ẹ ti gbé pátákó wá, ẹ ṣeun. Ta ló ní kẹ́ ẹ bá wa fi òróró pa á? Ṣé a ò ní epo nílé ni?"

Ó pe Sàlámọ̀tù. "Ìyàwó mi, máa bọ̀." Ó gbé ìkòkò epo pupa rẹ̀ jáde, epo tó fi ń se ọbẹ̀, tó sì ń bù fún Èṣù, ó ní kí ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Sàlámọ̀tù wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyá di pátákó náà mú ní apá kan, ìyàwó ń fi epo pa á, epo ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Pa ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ náà," ni Ìyá wí. "Kó mu ún dáadáa. Epo ilé ẹ ni, ìwọ lo ni ín." Sàlámọ̀tù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún, epo sì ti kan án lójú. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, orí pátákó náà ló ti gé ẹran tí a jẹ. Kò padà tẹ̀lé wa mọ́. Ó bímọ sílé yẹn, ó darúgbó sílé yẹn.

Ẹ máa rò pé inú ọ̀gá mi á dùn. Rárá o. Láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ títí a fi dé Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tó ń wí ni pé, "Wọ́n fi epo ba ugi mi jẹ́. Ugi apá! Wọ́n fi epo bà á jẹ́." Èmi náà bá a dárò igi. A gbé pátákó aládìín kọ́ sára ògiri, gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ ni ọ̀gá máa ń nawọ́ sí i fún. "Ẹ rí i? Ẹ máa bèèrè ulé ta ni." Ohun tí a mú bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ìyá Wàsíù nìyẹn, òun ni mo sì gbé lọ nígbà tí mo gba fúrídọ́ọ̀mù tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀.

Ayé wá yí padà. Ẹ̀rọ tó ń fá igi dé, iṣẹ́ tí à ń fi ọjọ́ gbáko ṣe di ohun tí à ń ṣe kí ẹ̀kọ tó tutù, bí iná bá wà. Bí iná kò bá sí, a jọ máa jókòó wo ẹ̀rọ ni. Sáńpépà dé, eépín di ewé lásán. Fáníìṣì náà dé, òun ló sì ba gbogbo nǹkan jẹ́, torí pé gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ohun tó ń dán. Obìnrin olóúnjẹ kan ní àfi kí n fi fáníìṣì pa pátákó òun, kó lè bá tábìlì rẹ̀ mu. Mo ṣàlàyé, ó ní mo fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n pa á fún un, ó dán bíi dígí. Kò pẹ́ tí ẹnì kan tó ń jẹ ẹ̀bà lọ́dọ̀ rẹ̀ fi tu èépá fáníìṣì jáde lẹ́nu, tó sì béèrè bóyá ìpẹ́ ẹja ni.

Mo ń bèèrè ilé ta ni, ìbéèrè náà wá ń le sí i. Èyí máa ní òróró ólífì tí wọ́n gbàdúrà sí ni òun fẹ́, ìyẹn sì ń bàjẹ́ kó tó di oṣù tó ń bọ̀. Òmíràn á ní ọmọ òun kì í jẹ ẹ̀pà, ẹ̀pà ò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn. Alápatà kan wò mí tàánútàánú, ó ní, "Bàbá, iyọ̀ àti omi gbígbóná ni. Kí lẹ̀ ń da ara yín láàmú sí?" Àwọn tí èmi tìkára mi bèèrè lọ́wọ́ wọn á tún bínú. "Ẹ ṣáà ta pátákó fún mi, Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ fi ilé mi ṣe?" Mo di ẹni tí wọ́n ń pè ní alátojúbọ̀. Mo ṣe gbogbo èyí títí ó fi rẹ̀ mí, kò sì sí ọjọ́ kan tí gbogbo wọn yìn mí pọ̀.

Ibí ni mo rò ọ́ dé fún Bùsáyọ̀ lówùúrọ̀ Mọ́ńdè. Mo ní, "Ṣó o ti rí i pé kò sí òróró kan ṣoṣo? Àfi kó o máa bi wọ́n ní ilé ta ni, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Bùsáyọ̀ ti gbé ojú sókè. Ó ń wo pátákó aládìín tó wà lára ògiri, tí mo jogún lọ́wọ́ ọ̀gá.

"Bàbá, kí ni ìyá yẹn sọ?"

"Ìyá wo?"

"Ìyá Wàsíù. Nígbà tí ọ̀gá yín mú ìgò jáde."

"Ó ní ta ló ní ká bá àwọn fi òróró pa á. Ó ní ṣé àwọn ò ní epo nílé ni."

"Ẹ tún un sọ."

"Mo ní, ó ní ṣé àwọn ò ní..."

Bùsáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di pẹpẹ mú. "Bàbá! Ó ti sọ fún yín! Ó sọ ọ́ sí yín létí!" Ó ń la ẹnu láti pa òwe ẹni tó ń wá nǹkan lọ sí Sókótó fún mi, mo ní bó bá pa á, màá jáde nílé.

Inú bí mi, ẹ má jẹ́ n tàn yín. Ó bí mi sí ọ̀gá mi tó ń dárò igi, ó bí mi sí èmi tí mo bá a dárò, ó bí mi sí gbogbo ìgò tí mo ti rà, gbogbo ìda oyin tí mo ti yọ́ tó sì jó mi lọ́wọ́. Ẹni tó ni ilé ìdáná ló mọ òróró tó ń wọ ibẹ̀, tó mọ èyí tó jẹ́ èèwọ̀, tó mọ èyí tí ọmọ rẹ̀ kì í jẹ. Àwa tí a ń bèèrè ilé ta ni, a ò rò ó rí pé onílé lè dá ilé rẹ̀ mọ̀. Mo wo pátákó orí ògiri, ó sú mi. Mo gbé e kalẹ̀, mo fi ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, ìhòhò ni pátákó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa. Bùsáyọ̀ ń ha á, mo ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra á, mo sì ń ní kí ó padà. Lórí fóònù, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi òróró tó bá wà nílé wọn pa á, kí wọ́n jẹ́ kó mu ún, kí wọ́n tún un pa bó bá gbẹ. Kò sọ̀rọ̀ nípa dídá pátákó dúró mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ èèyàn. Ní àná yìí ni obìnrin kan pè láti Èkó, ohùn rẹ̀ ń jáde nínú fóònù dé ibi tí mo jókòó sí. Ó ní kò dán. Ó ní ó funfun bí igi lásán. Ó ní irú iṣẹ́ wo nìyí, pátákó tí wọn ò fi nǹkan kan pa. Bùsáyọ̀ ń bẹ̀ ẹ́, ó ń ṣàlàyé, obìnrin náà kò gbọ́.

Mo na ọwọ́, mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ mi.

"Màdáámú," mo wí, "ṣé ẹ ò ní òróró nílé ni?"